Ìbọn Kò Lójú

Ẹni tí ó bá ti Èkó lọ sí Benin gba ojú títì ńlá yóò kan Òrè. Ìkóríta ni ìlú náà. Ọ̀nà kan yà níbẹ̀ sí ìhà Òǹdó, òmíràn yà sí ìhà Okìtìpupa, ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ èrò kò sì mọ ọ̀sán mọ òru níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kọrí sí ìhà Òdìgbó, tí ó sì yà kúrò lójú títì wọ inú oko, kò ní pẹ́ tí ariwo ọkọ̀ yóò fi di ohun ìgbàgbé. Oko kòkó ni yóò kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn èyí oko ẹ̀gẹ́ àti ti ọ̀pẹ, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, igbó dídí. Ní apá ibì kan níbẹ̀ ni igbó ọba tí à ń pè ní Olúwa wà, tí ìjọba ti pa ààlà rẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn.

Ní ọdún 1973, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gbé ní abúlé oko kan ní ìhà Òdìgbó yìí. Ọmọ ogún ọdún ni. Bàbá rẹ̀ ti kú, ó sì fi oko kòkó kan tí kò tóbi púpọ̀ sílẹ̀ fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń wà lóko. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń fòòró ẹ̀mí rẹ̀: àwọn ẹranko. Ọ̀yà ń gé ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo rẹ̀ lulẹ̀ lóru. Ọ̀bọ ń já kòkó pípọ́n lórí igi, wọn a lá ara rẹ̀ tí ó dùn, wọn a sì da èèpo rẹ̀ sí ìdí igi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi olóko ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dẹ tàkúté, ó dẹ okùn, ṣùgbọ́n bí ó bá mú ọ̀kan, mẹ́wàá a tún dé. Nígbà tí ó yá, ó pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò ra ìbọn.

Bí a bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, kì í ṣe nítorí ọ̀yà nìkan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin àti gbogbo agbègbè rẹ̀, wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà Èkó. Òrè ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, títí di òní, bí nǹkan bá kọjá agbára, wọn a ní, “Ó le kú, ìjà Òrè!” Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí nígbà náà. Òun àti ìyá rẹ̀ sá wọ inú oko, wọ́n sì ń gbọ́ ìró ìbọn bí ẹni ń gbọ́ àrá. Nígbà tí wọ́n padà jáde, ó rí ọ̀gá ológun kan tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ìbọn ìléwọ́ kan wà nínú àpò aláwọ ní ìbàdí rẹ̀. Ọ̀gá náà kò fọwọ́ kan ìbọn náà rárá, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó gbé ohùn sókè níwájú rẹ̀. Ọmọ náà kò gbàgbé ohun tí ó rí. Gbogbo ìgbà tí ó bá ń ro ìbọn, irú ìbọn yìí ni ó máa ń wá sí ọkàn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ó ti ta kòkó rẹ̀, ó lọ ra iyọ̀ àti epo fìtílà ní Òrè. Ọkùnrin kan tí kì í ṣe ará ìlú náà pè é sí ẹ̀yìn ibùdókọ̀. Ta ni ó sọ fún ọkùnrin náà pé ó ń wá ìbọn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sọ ọ̀rọ̀ lọ́jà, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ọjà bá gbọ́. Ọkùnrin náà tú aṣọ ìdọ̀tí kan, ìbọn ìléwọ́ sì wà nínú rẹ̀. Irú èyí tí ó ní ihò mẹ́fà nínú àgbá kékeré kan ni, tí àgbá náà sì máa ń yí bí a bá ti ń yìn ín, kí ọta tí ó kàn lè bọ́ sí ojú ọ̀nà. Àlòkù ni. Igi tí ọwọ́ ń dì mú ti fọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì ti fi okùn wé e.

Ọkùnrin náà ní, “Wò ó, arákùnrin. O lè fi yin agolo, o lè fi yin ẹyẹ, o lè fi pa ẹran. Kò wúwo. Inú àpò ni ó ń gbé. Kò sí ẹni tí yóò rí i lọ́wọ́ rẹ.”

Ó dá iye kan lé e. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà ni owó náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọkùnrin náà ka iye náà ní náírà, ó sì tún kà á ní pọ́n-ùn kí ó lè yé e dáadáa. Owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí kòkó mú wọlé fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e wò. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á díẹ̀. Ó bẹ ọkùnrin náà pé kí ó fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta láti lọ ronú sí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ọdẹ àgbà ni baba yìí. Ó ti pa ẹran ńlá àti ẹran kékeré, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa wọn. Nígbà tí ọmọ náà ti rojọ́ tán, baba kò bínú, kò sì pariwo. Ó kàn béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ni ó ni ìbọn náà kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ń tà á?”

“N kò mọ̀, bàbá.”

“Níbo ni ìwé rẹ̀ wà?”

“Kò mẹ́nu kan ìwé, bàbá.”

“Kí ni o fẹ́ fi í pa?”

“Ọ̀yà ni, bàbá, àti àwọn ọ̀bọ tí ń jẹ kòkó mi.”

Baba rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, ìbọn tí ènìyàn fi ń pa ọ̀yà, kì í fi í pamọ́ sínú àpò. Èjìká ni ìbọn ọdẹ ń gbé. Bí ọdẹ bá ń lọ, tọmọdé tàgbà ni yóò rí i pé ọdẹ ń lọ. Bí ó bá ń bọ̀, wọn yóò rí ohun tí ó pa. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí lọ́wọ́ rẹ, ṣé ẹranko ni o fẹ́ fi í fi pamọ́ fún ni, àbí ènìyàn?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò lè fèsì. Baba sì ṣàlàyé fún un pé ọ̀pá ìbọn ìléwọ́ kúrú, ọta kan ṣoṣo ni ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n bí ó ti wù kí ó kéré mọ, ọta náà yóò ti gba ẹ̀gbẹ́ ẹran kọjá kí ó tó dé ogún ìṣísẹ̀. Ìbọn tí ó wà fún ìtòsí ni. Òótọ́ ni pé àwọn ọdẹ kan ń fi irú rẹ̀ pa ẹran ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Samuel Colt ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìbọn ìléwọ́ tí ń yí ní ọdún 1836. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni òfin tiwọn, ọ̀tọ̀ ni tiwa.

Òfin ìbọn tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 1959, tí ó sì wà títí di òní, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àwọn tí a kà léèwọ̀: ìbọn ńlá ti ológun, bọ́ǹbù, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́, ìbáà jẹ́ ti ayé àtijọ́, ìbáà jẹ́ ti òde òní. Èkejì ni àwọn ìbọn bí èyí tí ó ní ẹnu méjì tí a ń ki ọta alágolo bọ̀ láti ìdí. Ẹ̀kẹta ni ìbọn ìbílẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ṣakabùlà. Ìwé àṣẹ ni ènìyàn fi ń ní ìkejì àti ìkẹta. Ti èkíní kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ kan lè rà ní ẹ̀yìn ibùdókọ̀.

Àkókò náà sì tún le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lẹ́yìn ogun, ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kí ó ní i, olè ajágun sì gba ìgboro. Ní ọdún 1970, ìjọba ológun ṣe òfin pé ikú ni ẹ̀san adigunjalè, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún gígùn sí orí ẹni tí a bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, wọ́n yin Ìṣọ̀lá Oyènúsì, adigunjalè tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, níbọn ní etí òkun Bar Beach ní Èkó, níṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò sí abúlé tí ìròyìn náà kò dé.

Baba ní, “Ìbọn àlòkù kò dà bí agbádá àlòkù. Bí o bá wọ agbádá tí ẹlòmíràn ti wọ̀, fífọ̀ ni o ó fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ìbọn yẹn ṣe ibi, ta ni yóò gbà pé ìwọ kọ́? Ọwọ́ ẹni tí ìlẹ̀kẹ̀ bá já sí ni wọ́n ń bi léèrè ìlẹ̀kẹ̀. Fi ìyẹn sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ ìbọn, n ó mú ọ lọ síbi tí ìbọn wà.”

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n jọ lọ sí Òdìgbó, sí ọ̀dọ̀ ọdẹ àgbà kan tí ó fẹ́ ta ṣakabùlà rẹ̀. Orí òpó ni ìbọn náà wà nínú yàrá, níbi tí gbogbo àlejò ti lè rí i. Baba ọlọ́jọ́ lórí náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n kí i, ó yí etí sí wọn kí ó tó yí ojú, wọ́n sì mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

Wọ́n béèrè ìdí tí ó fi fẹ́ ta ohun tí ó ti ń lò láti ìgbà èwe. Ó dáhùn pé, “Ìbọn kò lójú. Ojú ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀. Tèmi sì ti lọ. Ní ọdún tí ó kọjá, mo rí ohun kan nínú ewé, mo na ìbọn sí i. Ewúrẹ́ aládùúgbò mi ni. N kò yìn ín, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó kù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé e kọ́.”

Òfin pàápàá gbà pẹ̀lú baba náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe inú ìwé òfin ni ó ti kà á. Òfin ọdún 1959 ní kí a má ṣe fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò dára tó ní ìwé àṣẹ ìbọn. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún. Bí a bá wo gbogbo wọn, ohun kan náà ni òfin ń wá: ojú tí ó ríran, àti ọkàn tí ó lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu.

Ìbọn ṣakabùlà ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Àwọn òyìnbó oníṣòwò ni ó kọ́kọ́ kó irú rẹ̀ wá sí etí òkun. Àwọn ará Denmark wà lára wọn, tí wọ́n ní odi ní Accra títí di ọdún 1850, ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi ń pe ìbọn náà ní ìbọn àwọn ará Denmark. Àwọn àgbẹ̀dẹ wa wò ó, wọ́n tú u, wọ́n sì ń tún un ṣe, títí wọ́n fi mọ bí a ti ń rọ gbogbo rẹ̀ fúnra wọn. Ẹ̀tù ni a ń dà sí i láti ẹnu, a ó fi ọ̀pá ki nǹkan rírọ̀ lé e, a ó da ọta sí i, a ó sì tún ki í. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń dún. Kí ọdẹ tó ki òmíràn, ẹran tí kò bá kú ti dé oko ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lo ṣakabùlà kì í yára yìn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà kò kàn gbé ìbọn náà lọ bí ẹni gbé iṣu. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀pá wọ inú rẹ̀ wò bóyá ó ti di. Ó da omi gbígbóná sí i, ó sì wo bí omi ìpẹtà ti ń jáde. Ó so ọ̀pá ìbọn náà rọ̀, ó fi òkúta kékeré lù ú, ó sì fetí sí i, nítorí irin tí ó ti sán kì í ró bí irin tí ó pé. Ó wo ihò tóóró tí iná ń gbà dé ìdí ẹ̀tù bóyá ó ti fẹ̀ jù. Ó gbé òòlù kékeré orí ìbọn náà sókè, ó sì gbọn ìbọn jìgìjìgì láti mọ̀ bóyá òòlù náà lè já bọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní ó di àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rò pé bí òun bá ti sanwó, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kì í bá ìbọn lọ bí ọmọ ewúrẹ́ ti ń bá ìyá rẹ̀ lọ. Ẹni tí ń tà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń tà. Ẹni tí ń rà gbọ́dọ̀ gba ti ara rẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tún lọ. Ní ọjọ́ tí ìwé náà jáde, owó tí ó kù lọ́wọ́ ọmọ náà sì tún ju èyí tí ì bá kù lọ, bí ó bá ti ra ìbọn ẹ̀yìn ibùdókọ̀.

Kò tíì sí ẹni tí ó jẹ́ kí ó yìn ín. Baba di ìbọn náà mọ́ ìdí igi kan nínú oko, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí òkìtì ilẹ̀, ó ki ẹ̀tù díẹ̀ sí i, ó sì so okùn gígùn mọ́ irin tí ìka ń fà. Àwọn méjèèjì lọ lúgọ sí ẹ̀yìn ọ̀gán, baba sì fa okùn náà. Ìbọn dún, èéfín bo ibẹ̀. Baba ní, “Bí yóò bá bẹ́, igi ni kí ó bẹ́ mọ́, kì í ṣe ojú rẹ.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó tú ìbọn náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Baba fi ẹfun fa àmì róbótó sára igbá àfọ́ kan, ó gbé e ti ògiri ilẹ̀ gíga, kí ọta má bàa kọjá lọ síbi tí ojú kò tó. Ó ka ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ padà sẹ́yìn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ náà di ojú méjèèjì kí ìbọn tó dún. Igbá kò gbọgbẹ́ kankan, ṣùgbọ́n èjìká ọmọ náà wú. Ní ìgbà kejì, ó la ojú, ọta méjì sì ba etí igbá. Ẹ̀tù wọ́n, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni baba ń jẹ́ kí ó yìn lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ó fi di oṣù kan, kò sí igbá tí ó lè gbé sí ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ kí ó má fọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí ó sú ọmọ náà. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí ó bá ti yìn tán, baba a ní kí ó gbé ìbọn tí kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀ sókè, kí ó na án sí igbá, kí ó fi ìka kan irin, kí ó sì tún rọra sọ ọ́ kalẹ̀ láìfà á. Nígbà ogún ni ó ní láti ṣe èyí. Ní ọjọ́ kan, ọmọ náà ní, “Bàbá, bí a ti ń yìn ni mo fẹ́ kọ́. Èyí tí à ń ṣe yìí, kí ni ó wà fún?”

Baba kò wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Yíyìn kò le. Ìka ni ó ń yìn. Sísọ ọ́ kalẹ̀ ni iṣẹ́. Gbé e sókè.”

Oṣù Kẹfà dé, òjò sì rọ̀ dáadáa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, baba ní ó tó àkókò. Wọ́n di fìtílà kábáídì mọ́ orí, wọ́n sì gba ààlà oko wọ inú igbó kékeré. Wọn kò wọ igbó ọba. Baba ti kìlọ̀ fún ọmọ náà pé ojú ẹran ni iná yóò kọ́kọ́ mú, ṣùgbọ́n ojú nìkan kì í ṣe ẹran. “Bí o bá rí ojú, wá etí. Bí o bá rí etí, wá ọrùn. Bí o kò bá rí ọrùn, o kò tíì rí nǹkan kan.”

Wọ́n rìn pẹ́. Kòkòrò ń dún, omi ń kán láti orí ewé. Lójijì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí ohun kan tí ń tàn ní abẹ́ igbó, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ojú kan ṣoṣo ni. Ó kúrú sílẹ̀, bí ojú ẹtu tí ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí ọdẹ. Àyà rẹ̀ lù kìkì. Oṣù mélòó ni ó ti ń dúró de ojú yìí! Ó gbé ìbọn sókè. Òòlù wà lókè, ìka wà lórí irin. Ó wá etí. Kò rí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ewé ni ó bò ó. Ó wá ọrùn. Kò rí i. Ojú náà kò ṣẹ́, kò sì yí. Ẹran wo ni ó lè dúró bẹ́ẹ̀ lójú iná?

Ọwọ́ rẹ̀ sọ ìbọn náà kalẹ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ ìgbà tí òun pinnu rẹ̀; ọwọ́ tí ó ti ṣe é nígbà ogún lójoojúmọ́ ni ó ṣe é. Bí ẹnu ìbọn ti kan ilẹ̀ ni ohun kan wúkọ́ lábẹ́ igbó.

Ọmọdébìnrin kan ni. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Òun àti ìyá rẹ̀ àgbà ni wọ́n jáde wá ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará agbègbè náà ti máa ń ṣe. Ìyá àgbà ti ṣíwájú díẹ̀, fìtílà ọwọ́ ọmọ náà sì kú. Nígbà tí ó rí iná méjì tí ń bọ̀ lókè bí ẹni pé igi ni ó gbé wọn, ẹ̀rù bà á, ó sì lọ́ṣọ̀ọ́, ó gbé abọ́ tánganran ìgbín rẹ̀ mọ́ àyà. Etí abọ́ náà ni ó ń tàn bí ojú ẹran.

Ìyá àgbà sáré dé. Ó rí ìbọn, ó rí abọ́, ó sì rí ibi tí ọmọ gbé e lé. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí ọmọ náà mú, ó sì ń wò ó. Baba gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n… ọmọ àbúrò rẹ̀, ó rọra sọ òòlù rẹ̀ kalẹ̀, ó sì ní kí wọ́n sin àwọn obìnrin náà délé. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè tú fìtílà kúrò lórí. Baba ni ó bá a tú u.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó tún fọwọ́ kan ìbọn. Ọ̀yà ni ó kọ́kọ́ pa, lẹ́yìn èyí ẹtu. Ó di ọdẹ tí àwọn olóko ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ nígbà tí ẹran bá ń jẹ oko wọn. Ọkùnrin ẹ̀yìn ibùdókọ̀ kò tún fi ojú hàn ní Òrè mọ́. Kò sì sí ẹni tí ó mọ ọwọ́ ẹni tí ìbọn ìléwọ́ náà bọ́ sí.

Ọdún ti gorí ọdún. Ọmọdébìnrin abẹ́ igbó dàgbà, ó sì ń ta ìgbín fún àwọn èrò ọkọ̀ ní ìkóríta Òrè. Nígbàkígbà tí ọdẹ náà bá gba ibẹ̀ kọjá, a máa ṣa àwọn tí ó tóbi jù nínú abọ́ fún un, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò fi ìgbà kan sọ̀rọ̀ nípa alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi ọdẹ náà léèrè pé ẹran wo ni ó tóbi jù nínú gbogbo èyí tí ó ti na ìbọn sí, kì í dárúkọ ẹran kankan. Ìbọn tí kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀ ni ó máa ń gbé lé wọn lọ́wọ́. A ní kí wọ́n nà án sókè, kí wọ́n fi ìka kan irin, kí wọ́n sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀.